Ìdérí ìgò 20, odò Ògùn kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa géèmù kan tí mo bá àwọn ọmọ JSS2 ṣe nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Ìdérí ìgò mínírà 20 ni mo kó sínú abọ́. Abọ́ yẹn ni odò Ògùn. Mo pín kíláàsì sí márùn-ún: Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ọ̀yán, Abẹ́òkúta, Ìṣẹrì. Ìhà Ṣakí lódò náà ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sínú ọ̀sà Èkó, nítorí náà Ṣakí ló kọ́kọ́ bù, Ìṣẹrì ló kẹ́yìn. (Ọ̀yán, odò tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, àmọ́ inú Ògùn ló ń ṣàn sí.)

Ẹgbẹ́ kan ò gbọdọ̀ bù ju márùn-ún lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, màá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òjò nìyẹn, àmọ́ odò ò lè ju 20 lọ. Ìdérí márùn-ún, bísíkíìtì kan. Owó àpò mi ni o, allawee ò sì tíì wọlé! Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ.

Ṣakí bu márùn-ún. Ìsẹ́yìn márùn-ún. Ọ̀yán àti Abẹ́òkúta, bákan náà. Ó kan Ìṣẹrì, abọ́ ti gbófo. Òjò wá rọ̀, kí ló fẹ́ lọ́po? Géèmù parí. Ariwo sọ!

Mo bi ọmọ tó bù fún Ṣakí pé kí ló dé. "Anti, tí mi ò bá mú un, àwọn Ìsẹ́yìn á mú un."

Ọ̀pọ̀ tíṣà á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ọ̀kánjúwà níbẹ̀. Èmi ò rí ọ̀kánjúwà kankan, ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yẹn. Lọ́dún 1968, Garrett Hardin kọ ọ́ pé ohun àjọni tí kò ní òfin, ìparun ló ń lọ. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Nobel ètò ọrọ̀ ajé ní 2009, lọ wo àwọn tó ń jọ lo omi àti igbó lóòótọ́, ó sì rí i pé àwọn míì jókòó, wọ́n ṣòfin fúnra wọn, ó sì pẹ́.

Mo bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jà ná. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan ṣírò ẹ̀: méjì-méjì, mẹ́wàá á ṣẹ́ kù, òjò á sọ ọ́ di 20 padà. Ẹni tó bá bu mẹ́ta, kò ní bù nígbà tó kàn. A bù ú lẹ́ẹ̀mẹfà, ìdérí méjìlá-méjìlá ló kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bísíkíìtì mi tán.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan láti ẹgbẹ́ Ìṣẹrì nawọ́: "Anti, ọjọ́ tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ńkọ́?"

Kíláàsì dákẹ́. Ilé àǹtí ẹ̀ wà n'Íṣẹrì. Láti 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti ń tọ́jú omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, àmọ́ tó bá ti kún lásìkò òjò, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, ìsàlẹ̀ ló sì ń lọ.

A fi òfin tuntun kún un. Ọ̀yán ò lè tọ́jú ju mẹ́wàá lọ, ìyókù á ya lọ bá Ìṣẹrì. Tí ti Ìṣẹrì bá ti ju mẹ́fà, wọ́n á dá bísíkíìtì kan padà.

Ìṣẹrì ò bèèrè omi mọ́. "Ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ kí òjò tó le, kẹ́ ẹ sì máa sọ fún wa ṣáájú."

Abẹ́òkúta fò dìde: "Tí òjò ò bá wá rọ̀ mọ́ ńkọ́? Kí la máa mu lẹ́ẹ̀rùn?"

Aago lù. Wọ́n ń bá a lọ dé ìdí ẹ̀rọ omi ilé ìwé, ẹnì kankan ò tíì gbà fún ẹnì kejì.