Orúkọ Tí Mo Sọ Àṣẹ Kan

Ìmọ̀ èdè ni mo ń kọ́, n kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohùn ìyá ìyá mi ló gbé mi dé ìdí qemu-nbd. Ẹkún ìyàwó tí màmá sun kí wọ́n tó papò dà ni mo gbà sílẹ̀, mo sì kó o sínú fáìlì kan tí kọ̀ǹpútà ń lò bí ẹni pé dísíìkì gidi ni. Iṣẹ́ qemu-nbd ni láti na irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan, àfi bí a bá fi -e sọ iye ènìyàn. Bí ẹni náà bá jáde, ó ti ilẹ̀kùn nìyẹn, àfi bí a bá kọ --persistent. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó bá wọlé lè kọ nǹkan lé ohùn màmá lórí, bí a kò bá rántí -r, èyí tí í ṣe --read-only. Mo sì ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́; àbúrò mi ni yóò máa ṣí i fún àwọn ará ilé.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni r yìí ń sọ?"

Gbogbo ayé ni wọ́n fún láyè láti ṣí ètò náà wò, kí wọ́n sì tún un ṣe. Àtòjọ kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ gígùn kọ̀ọ̀kan ti dúró ti lẹ́tà tirẹ̀. Mo kọ kika-nikan sábẹ́ read-only, mo fún un ní r kan náà. Ìlà kan péré! Mo kọ ọ́ sínú ohun tí --help ń gbé jáde pẹ̀lú, kí ará ilé lè rí i.

Àmì ohùn ló dà mí láàmú. Í lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ i tí àmì tẹ̀lé. Ojú wa kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò ní òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Mo bọ́ àmì kúrò, ó sì dùn mí, nítorí kika lásán lè jẹ́ kíkà, ó lè jẹ́ kíká.

Ó ń gba àgékúrú o: --kika nìkan tó. Ṣùgbọ́n orí orúkọ ló ń mú. Àwa ń pe Olúfẹ́mi ní Fẹ́mi; òun ì bá pè é ní Olú, bí Olúṣọlá bá sì wà nílé, kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tí a tún ètò náà kọ́ tán, mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà kejì, mo ní kí n pa fáìlì kan rẹ́. Ó kọ̀. Ó wá ku orúkọ tí a ó fún --persistent. Mo ní "duro," àbúrò mi ní "ma-lo." A ṣì ń jiyàn rẹ̀.