Ìwé Àkọsílẹ̀ Láti Ibi Ìpàgọ́ Ọ̀dọ́

Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ tí mo bá dé ibi ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Ní ìdájí, ọmọ dókítà àti ọmọ alágbàfọ̀ á tò sórí ìlà kan náà, garawa lọ́wọ́, oorun lójú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ àti mọ́tò ti máa ń sọ ọmọ ẹni tí kálukú ń ṣe kó tó lanu. Níbí, ẹni tó bá tètè jí ló ń kọ́kọ́ pọnmi. Ó máa ń wú mi lórí tí ọmọ kan bá pọn ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

*

Ọ̀rọ̀ ìpàgọ́ ti pẹ́. Ọdún 1883 ni William Smith dá ẹgbẹ́ ọmọkùnrin Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow. Nígbà tó fi máa di 1886, ó ti kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ pàgọ́ sí Tighnabruaich, létí omi Scotland. Kò jẹ́ kí ìsinmi tú wọn ká. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1908. Àwọn ọmọ Royal Ambassadors ti ìjọ Onítẹ̀bọmi náà ní Camp Young tiwọn ní Ẹdẹ.

*

Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á ti pa iná, ẹni tó ń sùn á máa sùn, ohùn kan á wá dìde láti orí ẹní: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbàdúrà títí tí ara màmá mi ò yá ńkọ́?" Ọmọ yìí ò lè bi pásítọ̀ ní irú ìbéèrè yẹn lójú ìjọ. Bùrọ̀dá tí ọmọ náà bi kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, kò sì díbọ́n. "Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ gbàdúrà fún wọn." Àwọn tí a rò pé wọ́n ti sùn náà á ṣe àmín.

*

Ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èrò àgọ́ àwọn ìjọ ńlá pọ̀ bí eṣú. Mo fẹ́ràn ìpàdé ńlá, àmọ́ ọ̀dọ́ lè ti ibẹ̀ dé láìmọ ẹnikẹ́ni ju àwọn tí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì ìjọ lọ. Kékeré ni ìjọ ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀: ìjọ Deeper Life gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ 15 ni William Kumuyi fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Yunifásítì Èkó ní 1973. Nítorí náà, ó yẹ kí olùdarí ìpàgọ́ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ fọ abọ́.

*

Sálúbàtà á sọnù, ìjà á ṣẹlẹ̀. Kí àgbà má sáré là á. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì fúnra wọn.

*

Àwọn ọmọ Scripture Union (SU) tó jọ pàgọ́ ní àwọn ọdún 1970 ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà báyìí, "Brother" àti "Sister" ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀kan, àwọn yòókù ló ń kọ́kọ́ dé.

*

Gbogbo ọdún ni owó ìpàgọ́ ń dá àwọn kan dúró sílé, àwọn tó sì nílò ọ̀rẹ́ jù ni. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án fún wọn kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ ẹni tó san án.