Ẹni Tí Ó Bá Kọ̀, Kí Ó Sọ Ìdí

Bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni owó oṣù rẹ̀? Lójú tèmi, kò ju pé kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ. Mo ń ronú kan àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láìgba kọ́bọ̀, irú ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó sì lè tún ṣe.

Nígbà kan, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ó lè máa to ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ó ti yẹ: kí “ẹ” máa tẹ̀lé “e”, kí “gb” máa tẹ̀lé “g”. Ọkùnrin kan tí ó ní àṣẹ níbẹ̀ dáhùn pé, “Rárá.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà sì kú síbẹ̀. Kì í ṣe kíkọ̀ náà ni ó dùn mí. Bí ó bá fi ibi tí iṣẹ́ mi ti wọ́ hàn mí, èmi ìbá tọ́ ọ.

Àwọn ará Apache Software Foundation, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ẹni tí ó bá fara mọ́ àtúnṣe kan a kọ +1. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ a kọ −1. Bí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀tọ́ ìbò bá kọ −1 sí àtúnṣe ètò, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè borí rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sọ ìdí tí ó bá ìmọ̀ iṣẹ́ náà mu, kíkọ̀ rẹ̀ di òfo. Bí ó bá sì kan gbígbé ètò tí ó ti parí jáde, ẹnì kan kò lè dá a dúró: kí ẹni mẹ́ta tí ó ní ẹ̀tọ́ fara mọ́ ọn, ó kéré tán, kí àwọn tí ó fẹ́ sì ju àwọn tí kò fẹ́ lọ.

Àwọn kan lè wí pé kí a mú àṣẹ kíkọ̀ kúrò pátápátá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè rí ihò tí ogún ènìyàn kò rí lára ọkọ̀ ojú omi. Kí ó kígbe. Ṣùgbọ́n kí ó nàka sí ihò náà, kí àwa yòókù lè dí i.