Ilé-Èrò Kì í Ṣe Ìtìjú fún Àgbà

Ẹni tó bá ń ti Igbókọ̀dá, létí omi Ìlàjẹ, bọ̀ wá sí Òrè, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni yóò là kọjá. Òkìtìpupa wà lójú ọ̀nà náà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń ròyìn ilẹ̀ pupa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọkọ̀ lọ sí Òrè, kí wọ́n tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bìní. Láti ìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2008, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù lónìí, àwọn òbí náà ń wá wo ọmọ wọn.

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ilẹ̀ bá ṣú bá àgbà lọ́nà, kí ni kí ó ṣe? Òmíràn á wọ ọkọ̀ òru, kí ó má baà sanwó yàrá. Òmíràn lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í: “Bí ará ìjọ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?” Òmíràn á ní ilé olówó pọ́ọ́kú, níbi tí èrò mẹ́rin ti ń sùn ní yàrá kan, ti ọ̀dọ́ ni.

Lóòótọ́, ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ fún. Olùkọ́ kan ní Jámánì, Richard Schirrmann, ló ṣí èyí àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀ ní Altena ní ọdún 1912. Ní ẹkùn Bavaria, wọn kì í sábà gba ẹni tó ti kọjá ọdún 26, àfi bí ó bá mú ọmọ dání. Ọdún 2005 ni wọ́n pa òfin náà rẹ́. Lónìí, onírun funfun ń sùn níbẹ̀ láìsí ìtìjú.

Ẹ rántí pé ilé-èrò ni ará Samáríà gbé ẹni tí ọlọ́ṣà ṣe léṣe lọ, ó sì san owó idẹ méjì. Owó tí a fi ra oorun kò ṣòfò. Ọlọ́ṣà àti ajínigbé wà lójú ọ̀nà lóru, oorun sì ń kun awakọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo yàrá náà. Ẹ bèèrè bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, kí ẹ má gun àkàsọ̀. Ẹ wo bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe jìnnà tó, bóyá omi wà, bóyá kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, sálúbàtà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nítòsí orí yín. Ẹ sọ ibi tí ẹ sùn fún ará ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá wọlé, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì yí rédíò yín wálẹ̀. Ìjọ tó bá ní yàrá, kí ó tọ́jú ọ̀kan fún arúgbó tí ilẹ̀ ṣú bá.

Ọ̀nà kò ní sá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ sùn, kí ẹ jí, kí ẹ tó máa lọ. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. Àmín.