Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Iná

Mo parọ́ fún ọmọkùnrin tó ni gìtá tí mò ń ṣe. Mo ní iná ló ṣẹ́jú tí ọwọ́ mi fi yẹ̀. Iná kò ṣẹ́jú rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ta gìtá. Àǹtí rẹ̀ ló fi igi maple ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà, igi kan náà tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n ṣí bí ìwé, kí ilà ọ̀tún lè kojú ti òsì. Ẹ bá rí i! Bí mo bá gbé e sí oòrùn, ilà ara rẹ̀ á máa rìn. Irú rẹ̀ ni Gibson lẹ̀ mọ́ ojú gìtá Les Paul tí wọ́n ṣe ní Kalamazoo láàárín 1958 sí 1960, èyí tí àwọn olówó ṣì ń dù títí dòní.

Iṣan igi náà kò lọ tààrà, ṣe ló ń lọ́ sókè sódò. Ìyẹn ló ń mú ilà náà jáde. Ìyẹn náà ló mú un léwu. Níbi tí iṣan bá ti kọjú sí abẹ ráútà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ihò sínú igi, abẹ kì í gé e, ṣe ló ń fà á ya. Mo mọ èyí. Mo ti fi kọ́ ẹlòmíràn.

Humbucker la fẹ́ fi sí i, pickup (ohun tó ń gba ìró okùn gìtá) tí Seth Lover ṣe fún Gibson ní 1955: ìdì wáyà méjì tí wọ́n wé lódìkejì ara wọn, kí ariwo tí iná ń mú wá lè pa ara rẹ̀. Ihò rẹ̀ tó mìlímítà 70 ní gígùn, ó tó 40 ní ìbú. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi dírìlì kó ikùn ihò jáde, kí n wá máa fi ráútà fá a ní mìlímítà 2 tàbí 3 lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ọmọkùnrin náà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo sì fẹ́ kó bá ihò náà nílẹ̀. Mo ki abẹ bọ̀ ọ́ dé ìdajì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pàà! Èérún kan fò lu ògiri. Etí ihò náà ti ya, ó ya kọjá ibi tí férémù pickup lè bò. Mo ṣa èérún nínú ekuru, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ká ní igi lásán ni, ǹ bá dí i, ǹ bá kùn ún, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ilà tó ń rìn nínú oòrùn, bó bá dé ojú àbùlẹ̀ yẹn, ó ń dúró gbagidi.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà dé, ó fọwọ́ pa á. “Ọ̀gá, kí ló ṣe é, sà?” Ibẹ̀ ni mo ti purọ́ iná.

“Kò burú, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́.” Òun ló tún ń kí mi pẹ̀lẹ́!

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, mo lọ sílé wọn, mo sọ òótọ́ níwájú ìyá rẹ̀. Mo ti ra igi òmíràn fún un. Owó rẹ̀ àti owó tí wọ́n fi kó o wá ju owó iṣẹ́ mi lọ. Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́, ọmọkùnrin náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àǹtí rẹ̀ nìkan ló kù tó ṣì gbà pé iná ló ṣe é. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀.