Orin Tí Kò Mọ Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ọ

Kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dé Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, orin kì í wáyé láìnídìí. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọdún òrìṣà: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń pe onílù. Lọ́jọ́ ọdún Ìwúdè nílùú Iléṣà, ojú Ọwá, ọba ìlú náà, àti àwọn ìjòyè tó tẹ̀ lé e ni onílù ń wò kó tó mọ oríkì tí yóò fi ìlù sọ. Bí àlejò kan bá bọ́ sójú agbo, ìyáàlù ti rí i, á kì í, òun náà á sì fi owó lé onílù níwájú orí. Bí ijó bá ti rẹ àwọn ènìyàn, ìlù á rọlẹ̀. Bí ara wọn bá tún jí, á tún gbóná. Ẹni tó ń gbọ́ orin wà lára àwọn tó ń dá a. Bí ọkàn ẹnì kan bá sì fà sí orin lóru, tí kì í ṣe ọba, àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́.

Thomas Edison ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń tún un sọ, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1877. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin 43 sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará ilé sì ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níwájú wọn. Gírámófóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, abẹ́rẹ́ rẹ̀ a sì máa kú kíákíá, nítorí náà ilé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu ni wọ́n ti ń rí i, àwọn aládùúgbò á sì kóra jọ síbẹ̀. Agbo ṣì wà, onílù ni kò sí. Orin kan náà ni àwo ń kọ fún olówó àti tálákà, fún ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń tòògbé.

Yorùbá tètè rí ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí Rediffusion, rédíò tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé, dé Èkó ní 1935 àti Ìbàdàn ní 1939, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ń retí èsì, ẹni tó bá lé orin ń retí ègbè. Àpótí yìí kò retí nǹkan kan.

Ohun tó wá yí orin fúnra rẹ̀ padà jù ni àyè tó wà lára àwo. Àwo tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Lóde àríyá, onílù kò tíì kí onílé tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Ọ̀fà ní 1930, wà lára àwọn tó mọ àyè tóóró yìí lò jù. Ó ti gẹ irun fún ènìyàn, ó ti ta aṣọ bíi ti àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà, ó ti ṣe lébìrà, kó tó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, èyí tó wá di Blue Spots. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, àkọ́díọ̀nù á dún, ohùn á bọ́ sí i, gángan á fọhùn, ègbè á gbè é, ó tán. Ọ̀rọ̀ kan kì í ṣòfò níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ní 1969, òun àti Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà, dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star sílẹ̀, tó jẹ́ tiwọn fúnra wọn.

Àwo ńlá, LP, tí Columbia gbé jáde ní 1948, ń gba ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú lójú kan. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, Sunny Adé, tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946, tó sì ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ọmọ Iléṣà, ti ń fi orin kún ojú àwo kan láìdánu dúró. Àríyá padà wọ inú àwo nìyẹn, oríkì sì bá a wọlé. Ẹni tí onílù kì lójú agbo, atẹ́gùn á gbé oríkì rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí wọ́n kì nínú àwo, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á máa jó sí orúkọ rẹ̀ ní ìlú tí kò dé rí. Tálákà náà wá ọ̀nà tirẹ̀: ó ń kọ orúkọ ìyá àti ọ̀rẹ́ ránṣẹ́ sí rédíò kí wọ́n fi orin kí wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, kò tún ní láti ránṣẹ́ jìnnà mọ́, OSBC, rédíò ìpínlẹ̀ náà, wà nítòsí.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní 1963, jẹ́ kí olùgbọ́ náà di ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ènìyàn lè gbé ẹ̀rọ síwájú ẹni tó ń sun rárà níbi ìgbéyàwó, kó sì tún un gbọ́ nígbà tí ìyàwó ti bí ọmọ mẹ́ta. Bí téèpù bá tú síta, bírò ni wọ́n fi ń yí i padà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ayédèrú gbà wọlé. Moses Ọláìyá, tí ayé wá mọ̀ sí Baba Sàlá, jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ nídìí fíìmù: àwọn tó ń ṣe àdàkọ ta Ọ̀run Mooru, iṣẹ́ rẹ̀ ti 1982, kiri títí gbèsè fi wọ ọ́ lọ́rùn.

Fóònù ló sọ orin di ti ẹnì kan ṣoṣo. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Iléṣà bọ̀ wá sí Òṣogbo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ki íápíìsì bọ etí, ó ń gbọ́ fújì. Obìnrin tó jókòó tì í ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà létí ẹnì kejì. Lóde àríyá, díjéè ti gba ipò ẹgbẹ́ olórin lọ́pọ̀ ibi, nítorí ẹnu kan péré ni onílé ní láti bọ́. Síbẹ̀, onígángan tí ẹnikẹ́ni kò pè ṣì ń rọra yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, á wo aṣọ àlejò, á kì í, owó tí díjéè kò rí gbà á sì bọ́ sápò rẹ̀. Níbi ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, fóònù ló kún ojú ọ̀nà bí arugbá ti ń kọjá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ di fóònù mú kò lè pàtẹ́wọ́.

Ṣáájú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, ìlù kan ti rìnrìn àjò láìsí àwo. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e nínú ara lọ sí Bàhíà ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ijexá, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n sì ń lù ú fún Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1949, ń lù ú kiri òpópónà nígbà kànífà, ó sì ti wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn olórin ibẹ̀. Onílù Iléṣà lè gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀ lónìí. Kò ní gbọ́ oríkì ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ìlù náà ń jẹ́.