Ihò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dí

Èmi ni mo ní kí káfíńtà dí gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin òǹkàwé mi má baà rò pé ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo fẹ́ rò.

Lọ́dún 2013, àbúrò mi tó ń yá àwọn aláríyá ní sípíkà ra mọ́tò akẹ́rù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àpótí onípánù. Ó ní, "Bùrọ̀dá, mo fẹ́ kó gba ẹrù, kó sì gba oorun." Bí òde bá wà ní Ìkirè tàbí Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀, ta ni yóò san owó òtẹ́ẹ̀lì fún ọmọkùnrin mẹ́ta? Ní Èbúté Mẹ́ta tiwa yìí kẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń gbé eré kiri kì í ṣe tuntun. Ìjọ Aládùúrà kan níbí ló ní kí Hubert Ogunde, ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré kalẹ̀ lọ́dún 1944. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ti ìlú dé ìlú.

A lọ ra pákó ní Òkò Bàbá, létí ọ̀sà. Ìrókò ni àbúrò mi ń fẹ́, nítorí orúkọ. Káfíńtà wa, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan, rẹ́rìn-ín: "Ṣé pákó lẹ fẹ́ gbé lọ sóde ni, àbí sípíkà?" Arère ló mú, nítorí ó fúyẹ́. Ibùsùn tó ṣe ń ká mọ́ ògiri bí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ká a sókè, sípíkà á ráyè wọlé. Ó ní kí ẹrù tó wúwo jù má lọ sí ìdí pátápátá, kí iwájú mọ́tò má baà fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ó de òrùka irin mọ́lẹ̀ fún okùn. Mo gbádùn iṣẹ́ ọkùnrin yìí o!

Lẹ́yìn náà ló fẹ́ lu ihò sí i, lókè àti nísàlẹ̀. Mo ní rárá. Òjò ńkọ́? Olè ńkọ́? Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé." Ó sì dí èyí tó ti lù.

Oṣù kejì, a wà lóde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò dé lóru, àwọn ọmọ méjì gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé kí omi má baà bà á jẹ́, wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nítorí fáànù, wọ́n tilẹ̀kùn. Inú ilé olóde lèmi sùn. Nǹkan bí aago 4, mo jáde láti tọ̀, mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nínú àpótí. Mo kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn.

A wọ́ wọn jáde sínú òjò. Ọ̀kan ń bì. Èyí àbúrò, ọmọ ọdún 19, kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Dókítà ní èéfín tó ń pani nínú jẹnẹrétọ̀, carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ihò nìkan kò lè gba ẹni tó bá ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó rí àwíjàre, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Káfíńtà kò bá mi wí. Ó lu ihò mẹ́fà, ó ta nẹ́ẹ̀tì sí wọn, ó fi pánù ṣe ìbòrí òjò fún wọn. A ra wáyà gígùn, kí jẹnẹrétọ̀ máa jìnnà réré sí mọ́tò. Ọmọ yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń di ẹrù, ó ń tú u. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, abẹ́ àtíbàbà lẹní rẹ̀ máa ń wà, òjò ìbáà máa rọ̀.